Ìperí fún Oríṣi Ìwé Iṣẹ́ nínú Ètò Kọ̀ǹpútà Okòwò: Àpẹẹrẹ láti Ìsọ̀ Aránṣọ ní Mákùn

1. Ìfáárà

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé ni bí a ṣe lè fi èdè Yorùbá sọ̀rọ̀ nípa àkọsílẹ̀ kan tí ó ti di kòṣeémáàní ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, tí ó sì ti ń wọ àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké pẹ̀lú. Àkọsílẹ̀ náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "production order". Ohun tí ó jẹ wá lógún jù ni bí a ṣe ń pín àkọsílẹ̀ yìí sí oríṣi, àti bí a ṣe ń to àwọn oríṣi náà sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣẹ̀dá ìperí kì í ṣe tuntun láàárín wa. Ní 1970 ni ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, ìwé Èdè Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ jáde, ìdìpọ̀ kejì tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 1990. Àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí la ọ̀nà fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ ìwé ìlànà ẹ̀rọ tàbí ti ètò okòwò fún àwọn òṣìṣẹ́ yóò rí i pé ọ̀nà ti òun ṣì kún fún igbó.

Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ fi hàn. Èkíní ni pé kò yẹ kí á pe àkọsílẹ̀ yìí ní "àṣẹ". Èkejì ni pé ìsọ̀rí, oríṣi àti ipò jẹ́ ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹ̀kẹta, tí ó ṣe pàtàkì jù, ni pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni a lè fi dán ìperí fún oríṣi iṣẹ́ wò: ǹjẹ́ orúkọ yìí yóò gbé ìnáwó lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tàbí ohun tí ó ni ín?

2. Ìdí tí a fi lọ sí Mákùn

Mákùn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú Rẹ́mọ 13 tí wọ́n para pọ̀ di Ṣágámù ní 1872. Ewùsì ni oyè ọba rẹ̀. Agbègbè yìí dára fún ìwádìí wa nítorí pé oríṣiríṣi ọ̀nà ìpèsè nǹkan ni ó wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ṣágámù lókìkí nínú òwò obì gbàǹja. Àwọn tí ń ṣe obì a máa bó o, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a ṣà á ní títóbi àti kékeré, wọn a sì fi ewé dì í sínú agbọ̀n, láìmọ orúkọ ẹni tí yóò rà á. Ní 1978, ilé-iṣẹ́ West African Portland Cement ṣí ibùdó rẹ̀ ní Ṣágámù, lẹ́yìn tí ti Ewékorò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960. Níbi tí a ti ń ṣe sìmẹ́ńtì, òkúta ẹfun ni a ń lọ̀, tí a ń pò pọ̀ mọ́ amọ̀, tí a ń sun nínú iná tí ó tó 1,450 ní ìwọ̀n Sẹ́ḷ́ṣíọ̀sì, kí a tó tún un lọ̀. Bákan náà, kò sí àdúgbò tí a kò ti ní rí aránṣọ, ẹni tí ń rán aṣọ iléèwé sílẹ̀ de ìwọlé àwọn ọmọ, tí ó sì ń gba iṣẹ́ aṣọ ẹbí lọ́wọ́ oníyàwó.

Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìsọ̀ aránṣọ ni a ó fi ṣe atọ́nà wa. Ohun gbogbo tí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ńlá ń ṣe ni aránṣọ ń ṣe nínú ìwé rẹ̀ àti nínú orí rẹ̀, ó sì ní ọ̀rọ̀ tí ó ń fi ṣe é.

3. "Àṣẹ" tàbí "ìwé iṣẹ́"?

Bí atúmọ̀-èdè bá ti rí "order", "àṣẹ" ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Nípa bẹ́ẹ̀ ni a fi ń gbọ́ "àṣẹ ìpèsè" àti "àṣẹ àtúnṣe". Ìdí mẹ́ta ni a fi kọ̀ ọ́.

Ìdí kìíní ni pé àṣẹ lójú Yorùbá ní agbára nínú. Bí ọba bá ti pa á, ó di dandan. Àkọsílẹ̀ tí a ń sọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ àbá lásán ní òwúrọ̀, kí a dín iye inú rẹ̀ kù ní ọ̀sán, kí a sì fagi lé e kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìdí kejì ni pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan yìí ni wọ́n ń lò fún ohun tí oníbàárà béèrè, fún ọjà tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ rà, àti fún iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ ṣe. Kò di dandan kí Yorùbá gba àìní ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ra. Oníbàárà tí ó wọ ìsọ̀ tí ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi rán an kí ó tó di Sátidé," kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀bẹ̀ ni ó bẹ̀, owó ni ó sì fi tì í lẹ́yìn. A lè pe èyí ní ìbéèrè oníbàárà. Èyí tí a fi ń ra èròjà ni ìwé ìrajà, èyí tí a fi ń tajà ni ìwé ìtajà.

Ìdí kẹta ni ó lágbára jù. Àṣẹ a máa parí sí ẹnu ẹni tí ó pa á. Àkọsílẹ̀ yìí kì í parí síbẹ̀. Láti ọjọ́ tí a bá ti ṣí i ni a ó ti máa kọ nǹkan kún un: iye aṣọ tí a gé, òwú tí a lò, wákàtí tí a fi ṣiṣẹ́, iye tí ó dára, iye tí ó bàjẹ́. Aránṣọ mọ èyí dáadáa. Ojú ewé kan nínú ìwé rẹ̀ ni ìwọ̀n oníbàárà wà, ibẹ̀ náà ni ọjọ́ tí yóò gba aṣọ àti owó àsansílẹ̀ wà. Bí ó bá kù díẹ̀, á ní, "Ìwé iṣẹ́ yín wà lọ́wọ́ mi, ẹ fọkàn balẹ̀."

Nítorí náà, ìwé iṣẹ́ ni a dábàá. Níbi tí ó bá lè rú ẹnikẹ́ni lójú, bóyá nítorí ìwé tí a fi gba ènìyàn síṣẹ́, kí a pè é ní ìwé iṣẹ́ ìpèsè ní ìgbà àkọ́kọ́, kí a sì gé e kúrú lẹ́yìn náà. Àwọn kan lè sọ pé kò sí ìwé nínú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìwé ẹ̀rí tàbí ìwé ìrìnnà, kì í ṣe bébà ni a ń tọ́ka sí bí kò ṣe ohun tí a kọ sílẹ̀ tí ó ṣeé dì mú. Ìtumọ̀ yìí ni ó bá ohun tí a ń wá mu.

Àǹfààní mìíràn tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà "iṣẹ́". Ohun tí a fi ọwọ́ ṣe ni iṣẹ́. Ohun tí a rán ènìyàn ni iṣẹ́ pẹ̀lú. Ẹni tí a rán níṣẹ́ gbọ́dọ̀ padà wá jábọ̀. Nínú ètò kọ̀ǹpútà, òṣìṣẹ́ tí ó bá parí apá kan iṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ iye tí ó ṣe àti àkókò tí ó gbà á. Ìjábọ̀ ni a ó máa pe èyí. Àmọ́ kí olùkọ́ ṣe ìkìlọ̀ kan. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹwà ọmọlúàbí nìyẹn, ṣùgbọ́n kò sí irú ẹwà bẹ́ẹ̀ nínú ìjábọ̀ yìí. Bí 185 bá dára nínú 200, 185 ni a ó jẹ́.

4. Ìsọ̀rí, oríṣi àti ipò

Ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣàkóso okòwò ti pẹ́ díẹ̀. Ní 1972, àwọn ọmọ Jámánì márùn-ún tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní IBM dá ilé-iṣẹ́ SAP sílẹ̀ ní ìlú Weinheim. Ní 1975, Joseph Orlicky tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lórí bí a ṣe lè fi kọ̀ǹpútà ṣírò èròjà tí iṣẹ́ yóò gbà àti ìgbà tí yóò gbà á. Ní 1992 ni SAP gbé ètò rẹ̀ tí ó ń jẹ́ R/3 jáde. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ ni ìpínsọ́nà tí a fẹ́ sọ yìí ti hàn gbangba.

Àwọn tí ó ṣe ètò náà ni wọ́n dá ìsọ̀rí. Nínú ètò SAP, ìsọ̀rí 10 ni ìwé iṣẹ́ fún ohun tí a ń kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìsọ̀rí 40 ni ti ohun tí a ń pò pọ̀. Ìsọ̀rí 30 ni ti ìtọ́jú ẹ̀rọ. Ilé-iṣẹ́ tí ó ra ètò náà kò lè yí èyí padà. A yan "ìsọ̀rí" nítorí pé àwọn onígíráámà ti ń lò ó fún ìsọ̀rí ọ̀rọ̀: gbogbo ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sínú ọ̀kan, kò sì sí ẹni tí ó lè dá tirẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti wù ú.

Ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó ń dá oríṣi, lábẹ́ ìsọ̀rí kan. Ó lè fẹ́ oríṣi kan fún aṣọ iléèwé, òmíràn fún aṣọ ẹbí, òmíràn fún àtúnṣe. Oríṣi lè pọ̀ tó bí iṣẹ́ ṣe yàtọ̀ síra tó, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wa ni pé kí a má ṣe dá oríṣi méjì níbi tí òfin méjì kò bá sí. Àwọ̀ aṣọ kì í ṣe ìdí láti dá oríṣi. Ọ̀nà tí a ń gbà ṣírò owó rẹ̀ ni ìdí.

Ipò ni ibi tí ìwé iṣẹ́ kan dé láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀. Aṣọ ẹbí kì í di oríṣi mìíràn nítorí pé a ti gé e, ipò rẹ̀ ni ó yí padà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń pa oríṣi àti ipò pọ̀, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ pé "planned order" àti "rework order" bí ẹni pé wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́. Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. Èkíní ń sọ ibi tí iṣẹ́ dé, èkejì ń sọ irú iṣẹ́ tí ó jẹ́. Ìwé àtúnṣe náà lè wà ní ipò àbá.

5. Ìtòsílẹ̀: ohun tí oríṣi gbọ́dọ̀ dáhùn

Oríṣi kì í ṣe orúkọ lásán. Ìdìpọ̀ ìpinnu ni, tí a ti ṣe kí ọwọ́ tó kan iṣẹ́. Iṣẹ́ pípinnu yìí ni a pè ní ìtòsílẹ̀. A kò pè é ní "ètò", nítorí pé a ti lo ètò fún ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. "Sílẹ̀" tí ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì, nítorí ó ń fi hàn pé ṣáájú ni a ti ṣe é. Ìbéèrè márùn-ún ni oríṣi gbọ́dọ̀ dáhùn.

Èkíní: nọ́ńbà wo ni ìwé yóò gbà? A ó ya ààlà nọ́ńbà sọ́tọ̀ fún oríṣi kọ̀ọ̀kan, bóyá láti 1000 dé 1999 fún àwọn kan, láti 2000 dé 2999 fún àwọn mìíràn, kí ẹni tí ó bá rí nọ́ńbà lè mọ ohun tí ó ń wò.

Èkejì: nígbà wo ni a ó ṣe àyẹ̀wò èròjà? A lè yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí a bá ṣí ìwé, tàbí nígbà tí a bá fẹ́ yọ̀ǹda iṣẹ́. A sì gbọ́dọ̀ pinnu bí àìtó èròjà yóò ṣe dá iṣẹ́ dúró tàbí kí ó kàn ṣe ìkìlọ̀.

Ẹ̀kẹta: ọ̀nà wo ni a ó gbà ka ọjọ́? Bí ìyàwó bá fẹ́ gbé ara rẹ̀ lọ sílé ọkọ ní Sátidé, ọjọ́ ìgbéyàwó ni aránṣọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kà sẹ́yìn, títí yóò fi dé ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ gé aṣọ. Kíkà sẹ́yìn ni a pe èyí. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ tí kò ní ọjọ́ kan pàtó, ọjọ́ òní ni yóò ti kà síwájú.

Ẹ̀kẹrin: báwo ni a ó ṣe gba ìjábọ̀? Ǹjẹ́ ó di dandan kí ẹni tí ó gé aṣọ jábọ̀ kí ẹni tí ó rán an tó jábọ̀? Bí a bá ní kí a rán 200, tí ẹnì kan jábọ̀ 210, ṣé kọ̀ǹpútà yóò gbà á?

Ẹ̀karùn-ún: ibo ni ìnáwó yóò parí sí? Èyí ni a pè ní ìyanjú ìnáwó. Nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ, orí ìwé iṣẹ́ ni gbogbo owó ń jókòó sí. Nígbà tí ó bá parí, kò gbọdọ̀ ku nǹkan kan síbẹ̀. Owó náà gbọ́dọ̀ lọ sórí ọjà tí ó wà nínú àká, tàbí sórí ìwé ìtajà oníbàárà kan, tàbí sórí ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ tí ó fà á.

Ohun tí a bá tò sílẹ̀ fún ibùdó iṣẹ́ kan lè yàtọ̀ sí ti òmíràn, bí oríṣi tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ilé-iṣẹ́ tí ó ní ibùdó ní Ṣágámù àti ní Abẹ́òkúta lè máa yẹ èròjà wò nígbà ìyọ̀ǹda ní ọ̀kan, kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò nígbà ìṣíwèé ní èkejì.

6. Àwọn oríṣi àti orúkọ wọn

6.1 Iṣẹ́ àṣesílẹ̀ àti iṣẹ́ oníbàárà

Nígbà tí aránṣọ bá rán aṣọ iléèwé kí ọjọ́ ìwọlé tó dé, kò tíì mọ ọmọ tí yóò wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ àṣesílẹ̀ nìyí. Òwe ti bá wa ṣe àlàyé rẹ̀ tán: àṣesílẹ̀ làbọ̀wábá. Obì inú agbọ̀n náà, àṣesílẹ̀ ni. Ìnáwó rẹ̀ a máa parí sórí ọjà tí ó wà nínú àká.

Ṣùgbọ́n aṣọ ẹbí ní olówó. Bí kò bá bá a mu, kò sí ẹlòmíràn tí yóò rà á. A pe èyí ní iṣẹ́ oníbàárà. Ìnáwó rẹ̀ lè lọ tààrà sórí ìwé ìtajà oníbàárà náà, kí a lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ ti ẹni yìí mú èrè wá tàbí kò mú un wá. Àwọn kan ti dábàá "àgbàṣe" fún un, nítorí pé aránṣọ a máa ní òun gba iṣẹ́. A kò fara mọ́ ọn. Àgbàṣe ti ní ìtumọ̀ tirẹ̀ lóko àti níbi iṣẹ́ ilé kíkọ́, fún ẹni tí ó gba iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe fún owó. Kí a fi í sílẹ̀ fún ìgbà tí ilé-iṣẹ́ bá gbé apá kan iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, bí ìgbà tí aránṣọ bá gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò fi ẹ̀rọ ṣe ọnà sí i lọ́rùn.

6.2 Iṣẹ́ aṣeékà àti iṣẹ́ aṣeéwọ̀n

Aṣọ 200 ṣeé kà. Bí a bá tú òwú rẹ̀, aṣọ gígé yóò tún padà sí ọwọ́ wa. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tú sìmẹ́ńtì kí ó lè padà di òkúta ẹfun àti amọ̀? Ta ni yóò tú búrẹ́dì kí ìyẹ̀fun, ṣúgà àti omi lè padà sí ipò wọn? Ìyàtọ̀ yìí ni ó wà láàárín ìsọ̀rí 10 àti ìsọ̀rí 40.

Ní àkọ́kọ́, a ronú sí "iṣẹ́ àtòpọ̀" àti "iṣẹ́ àpòpọ̀". Ìtumọ̀ wọn dára, ṣùgbọ́n kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo ni ó ya wọ́n sọ́tọ̀. Níbi tí ẹ̀rọ ti ń ké, ẹni tí a pè sí ọ̀kan lè gbọ́ èkejì. A wá yíjú sí gíráámà. Gbogbo olùkọ́ Yorùbá ni ó mọ ọ̀rọ̀-orúkọ aṣeékà. A pe ti àkọ́kọ́ ní iṣẹ́ aṣeékà, a sì pe ti èkejì ní iṣẹ́ aṣeéwọ̀n, nítorí pé òṣùwọ̀n ni a fi ń mọ iye rẹ̀. Iye tí a bá pò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni ọ̀wọ́. Bí ọ̀wọ́ kan bá bàjẹ́, nọ́ńbà ọ̀wọ́ náà ni a ó fi wá gbogbo rẹ̀ rí.

6.3 Iṣẹ́ àtúnṣe àti ìtọ́jú ẹ̀rọ

Níbí ni ìṣòro ìperí ti di ìṣòro owó. Yorùbá a máa sọ pé a tún aṣọ tí a rán gbòdì ṣe, a tún máa sọ pé a tún ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ ṣe. Àtúnṣe ni méjèèjì lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí á wo àpẹẹrẹ kan tí a dá fún ẹ̀kọ́.

Ká ní aránṣọ kan ní Mákùn rán aṣọ iléèwé 200 sílẹ̀. Aṣọ, òwú, bọ́tìnnì àti owó ọ̀yà jẹ́ ₦600,000, èyí tí ó sọ aṣọ kọ̀ọ̀kan di ₦3,000. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n rí i pé kọ́là aṣọ 15 yí sódì. Títún un ṣe gba ₦12,000. Ní ọjọ́ kan náà, bẹ́líìtì ẹ̀rọ já, ẹni tí ó tún un ṣe sì gba ₦30,000. Ọ̀gá ti pinnu láti ta aṣọ kọ̀ọ̀kan ní ₦3,200.

Bí òṣìṣẹ́ bá rí oríṣi kan ṣoṣo tí ó ń jẹ́ "àtúnṣe" lójú kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ni yóò kọ owó méjèèjì sí, wọn yóò sì bọ́ sórí aṣọ iléèwé. Àpapọ̀ yóò di ₦642,000, aṣọ kọ̀ọ̀kan yóò di ₦3,210. Ọ̀gá yóò wò ó, yóò rí i pé ₦10 ni òun ń pàdánù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦2,000 lórí gbogbo rẹ̀. Ó lè pinnu pé òun kò rán aṣọ iléèwé mọ́. Ó lè dá ẹni tí ó rán kọ́là lẹ́bi gbogbo rẹ̀, kí ó sì lé e lọ.

Bí orúkọ bá yàtọ̀ ńkọ́? ₦12,000 nìkan ni yóò bọ́ sórí aṣọ. Àpapọ̀ yóò jẹ́ ₦612,000, aṣọ kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ ₦3,060, èrè ₦140 yóò wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦28,000 lórí gbogbo rẹ̀. ₦30,000 kò sọnù o. Ó ti lọ sórí ẹ̀rọ, tí yóò ran iṣẹ́ púpọ̀ mìíràn lẹ́yìn aṣọ iléèwé, àwọn iṣẹ́ wọ̀nyẹn náà yóò sì gbé ìpín tiwọn. Owó tí ó jáde lápò ọ̀gá kò yí padà. Ibi tí a kọ ọ́ sí ni ó yàtọ̀, ohun tí ó sì gbà lọ́wọ́ wa kò ju orúkọ méjì lọ.

Nítorí náà, kí a máa pe ti ọjà ní iṣẹ́ àtúnṣe ọjà, kí a sì máa pe ti ẹ̀rọ ní ìtọ́jú ẹ̀rọ, kí ọ̀rọ̀ náà "àtúnṣe" má tilẹ̀ farahàn nínú èkejì rárá. Kí atúmọ̀-èdè rántí pé ẹni tí yóò ka ọ̀rọ̀ yìí lè jẹ́ òṣìṣẹ́ òru tí oorun ń kùn, tí kò ní ẹni tí yóò bi léèrè.

7. Orúkọ fún ipò

Nínú ètò Business Central tí ilé-iṣẹ́ Microsoft ṣe, ipò márùn-ún ni ìwé iṣẹ́ lè wà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí a fi ń ṣe ìṣirò láti mọ ohun tí iṣẹ́ lè ná wa, tí kò sì kan ètò èròjà rárá. "Ìwé ìdánwò" ni ìbá rọrùn láti pè é, ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ tí yóò gbọ́ ọ tí kò ní rò pé ìwé tí òun fẹ́ máàkì ni. A pè é ní ìwé àfidánrawò.

Èkejì ni ìwé àbá, tí kọ̀ǹpútà sábà máa ń dá fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣirò. Àbá ni ikán ń dá, ikán kò lè mu òkúta: kọ̀ǹpútà lè pa á rẹ́, kí ó dá òmíràn ní ọ̀la. Ẹ̀kẹta ni àbá àfọwọ́sí, tí ènìyàn ti fọwọ́ sí, tí kọ̀ǹpútà kò sì ní pa rẹ́ mọ́. Ẹ̀kẹrin ni ìwé àyọ̀ǹda: ó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́, a lè kó èròjà fún un, a sì lè jábọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún ni ìwé àṣeparí, tí a kò lè kọ nǹkan kún mọ́.

8. Ìlò rẹ̀ nínú kíláàsì

A dábàá pé kí olùkọ́ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà. Kí ó rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ, káfíńtà àti ẹni tí ń ṣe búrẹ́dì. Kí wọ́n kí wọn bí ó ti yẹ kí á kí ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n sì bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: Èwo nínú iṣẹ́ yín ni ẹ ń ṣe sílẹ̀? Èwo ni ẹ kì í ṣe àfi bí ẹnì kan bá bẹ̀ yín? Bí ó bá bàjẹ́, ta ni ó ń ru owó rẹ̀? Kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá gbọ́ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ti gbọ́ ọ, ìbáà jẹ́ ẹ̀ka-èdè Rẹ́mọ. Nígbà tí wọ́n bá padà dé ni kí olùkọ́ tó ṣí ìwé ìlànà kọ̀ǹpútà, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n kó bọ̀ wé ohun tí wọ́n bá kà.

9. Àsọkágbá

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìwé iṣẹ́ kì í ṣe àṣẹ. Pé ìsọ̀rí jẹ́ ti ẹni tí ó ṣe ètò, oríṣi jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, ipò sì jẹ́ ti ọjọ́. Àti pé ìperí tí kò bá lè gbé ìnáwó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ín kò tíì pé, bí ó ti wù kí ó dùn létí tó. Àwọn orúkọ tí a dá níhìn-ín ṣì jẹ́ àbá. Ọwọ́ àwọn tí yóò lò ó níbi iṣẹ́ ni ó kù sí láti fọwọ́ sí i.

Àkójọ ìperí

Àbá àfọwọ́sí: ìwé iṣẹ́ tí ènìyàn ti gbà, tí kọ̀ǹpútà kò lè pa rẹ́ mọ́.
Àgbàṣe: apá iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ gbé fún ẹlòmíràn ṣe fún owó.
Ìjábọ̀: sísọ iye tí a ṣe àti àkókò tí ó gbà.
Ìsọ̀rí: ìpín ńlá tí ẹni tí ó ṣe ètò kọ̀ǹpútà dá.
Iṣẹ́ àṣesílẹ̀: iṣẹ́ tí a ṣe kí oníbàárà tó dé.
Iṣẹ́ aṣeékà: ìpèsè ohun tí a ń kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Iṣẹ́ aṣeéwọ̀n: ìpèsè ohun tí a pò pọ̀, tí kò ṣeé tú.
Iṣẹ́ àtúnṣe ọjà: títún ọjà tí kò dára ṣe kí ó tó jáde.
Iṣẹ́ oníbàárà: iṣẹ́ tí a ṣe nítorí ìbéèrè ẹnì kan.
Ìtòsílẹ̀: pípinnu òfin oríṣi kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.
Ìtọ́jú ẹ̀rọ: iṣẹ́ lórí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀.
Ìwé iṣẹ́: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.
Ìyanjú ìnáwó: gbígbé owó kúrò lórí ìwé iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ ohun tí ó ni ín.
Oríṣi: ìpín tí ilé-iṣẹ́ dá lábẹ́ ìsọ̀rí, tí ó ní òfin tirẹ̀.
Ọ̀wọ́: iye tí a pò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.